Ṣé Ìràwọ̀ Ló Gbẹ́ Kòtò Àkúrẹ́?

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo ní gbèsè kan láti san. Ní tẹ́ẹ̀mù tó kọjá, lórí ògiri yìí kan náà, mo kọ ọ́ pé òkúta ojú ọ̀run ló já lu ilẹ̀ Àkúrẹ́ ní ọdún 2020 tó sì gbẹ́ kòtò ńlá sójú títì. Mo kọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀. Mo tún fi kún un pé òkúta dúdú kan tí mo rí lóko bàbá mi, ọmọ ìyá òkúta yẹn ni. Àwọn ará SS1 wá ń bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí àwọn fọwọ́ kàn án. Ẹnìkan tiẹ̀ fẹ́ fi ₦2,000 rà á, ó sì ti san ₦500 sílẹ̀.

Olùkọ́ Físíìsì wa kò bá mi jà. Wọ́n kàn dúró níwájú ògiri, wọ́n kà á tán, wọ́n ní, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Mo ní mo kà á lórí fóònù ni, sà. Wọ́n ní, "Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́. Ẹni tó kọ ọ́ sórí fóònù, báwo lòun náà ṣe mọ̀?" Mo dákẹ́. Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lọ sílé nígbà ìsinmi, òun náà ni mo gbé padà wá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Àkúrẹ́ gan-an. Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2020, ní nǹkan bí aago kan òru, ohun kan bú gbàù lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, níbi tí kò jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́. Ó wó ṣọ́ọ̀ṣì, ó wó ilé ìwé, ó ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé jẹ́, ó sì gé títì ọ̀dà sí méjì. Ìgbà tí kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, gbogbo wa ń bẹ̀rù. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà, mo sì rántí bí àwọn àgbà ṣe ń sọ pé ayé ti fẹ́ parẹ́.

Gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, Rotimi Akeredolu, débẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ọkọ̀ kan ló ń kó ohun abúgbàù lọ sí ibi tí wọ́n ń kó o pamọ́ sí ní ìpínlẹ̀ mìíràn, pé ọkọ̀ náà bàjẹ́ sójú ọ̀nà, ó ń rú èéfín, àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń tẹ̀lé e gbìyànjú láti pa á, kò ṣeé pa, ó sì bú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adekunle Adepelumi, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta ní Yunifásítì Obafemi Awolowo ní Ilé-Ifẹ̀, lọ wo kòtò náà. Wọ́n wọ̀n ọ́n: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 21, jíjìn rẹ̀ jẹ́ mítà 7.8. Wọ́n ní lójú tàwọn, òkúta láti òfurufú ló gbẹ́ ẹ. Wọ́n ní àwọn kò rí àmì pé iná jó nínú rẹ̀, àti pé àwọn rí irin àti òkúta tó ṣàjèjì létí kòtò.

Ọ̀rọ̀ kejì yìí ló dùn mọ́ wa jù, ká má purọ́. Ta ni kò fẹ́ kí ìràwọ̀ já sí ẹ̀gbẹ́ ìlú òun? Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ló bú, a jẹ́ pé ẹnìkan wà tó yẹ kó dáhùn: ta ló ni ẹrù yẹn, ta ló ní kó gba ibi tí èèyàn ń gbé kọjá, ta ló máa bá àwọn tí ilé wọn wó tún ilé kọ́? Bí ó bá jẹ́ ìràwọ̀ ńkọ́, ta la fẹ́ pè lẹ́jọ́? Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ́ ni pé kí kòtò rí roboto kò tó ẹ̀rí. Òkè oníná a máa ṣe kòtò roboto. Ilẹ̀ tó bá rì lè rí roboto. Bọ́ǹbù ńkọ́? Roboto náà ni tirẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Mauritania, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà nítòsí ìlú Ouadane, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Richat. Ó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 40, ó sì rí bí ìgbà tí èèyàn ju òkúta sínú odò tí omi ń ṣe òrùka lórí òrùka. Ẹni tó bá wò ó nínú àwòrán sátẹ́láìtì á búra pé ìràwọ̀ ńlá ló já síbẹ̀. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, àwọn onímọ̀ kan gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n tiẹ̀ kéde pé coesite wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un yẹ̀ wò, kì í ṣe coesite, barite ni. Òkúta yíyọ́ láti ìsàlẹ̀ ló ti ilẹ̀ ibẹ̀ sókè, tí afẹ́fẹ́ àti omi sì jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe èmi nìkan ni mo máa ń ṣìṣe.

Kí ni coesite yìí? Ẹ rántí quartz, ohun funfun tó ń dán nínú yanrìn àti nínú àwọn àpáta Èkìtì wa gbogbo. Bí a bá fún quartz mọ́ra pẹ̀lú agbára tó bùáyà, á yí padà di coesite. Nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tó jìn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ kìlómítà, irú agbára bẹ́ẹ̀ wà. Lókè ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ yìí, kò sí òkè oníná tó ní in. Ohun tó ní in ni òkúta tó ń sáré bọ̀ láti òfurufú, nítorí pé èyí tó lọ́ra jù nínú wọn ń sá kìlómítà 11 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó wọ inú afẹ́fẹ́ wa. Ẹ fi ọkàn rò ó: láti ibí dé Adó-Èkìtì láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan! Quartz tí kò di coesite náà a máa gba ọgbẹ́. Bí wọ́n bá bẹ́ ẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi máíkírósíkóòpù wò ó, wọ́n á rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹni fi rúlà fà á. Bọ́ǹbù átọ́míìkì tí ọmọ èèyàn ṣe náà a máa fa irú ìlà bẹ́ẹ̀. Àmì mìíràn tún wà tí ojú lásán lè rí: àpáta tó fọ́ tí ìlà ara rẹ̀ tú ká láti ojú kan, bí ìgbálẹ̀ tí a di lórí.

Èyí tó sún mọ́ wa jù nínú àwọn kòtò ńlá ni adágún Bosumtwi ní ilẹ̀ Àṣáńtì ní Gánà, nǹkan bíi kìlómítà 30 sí Kumasi. Kòtò náà fẹ̀ tó kìlómítà 10.5. Ibi mímọ́ ni lójú àwọn Àṣáńtì. Wọ́n gbà pé ibẹ̀ ni ẹ̀mí àwọn òkú ti ń dágbére fún òrìṣà ilẹ̀. Èèwọ̀ ni kí irin kan omi rẹ̀, nítorí náà orí pákó ni àwọn apẹja máa ń wà, tí wọ́n á máa fi ọwọ́ wa omi. (Bíi tàwọn odò kan nílẹ̀ wa, àbí?) Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi jiyàn lórí rẹ̀: àwọn kan ní òkè oníná ni, àwọn kan ní òkúta ojú ọ̀run ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni wọ́n rí coesite nínú òkúta tó yí adágún náà ká, ti ibí yìí sì jẹ́ coesite lóòótọ́.

Ẹ̀rí kejì ló dùn mọ́ mi jù. Ní Côte d'Ivoire, ibi tó lé ní kìlómítà 200 sí adágún yẹn, àwọn òkúta kéékèèké dúdú kan wà tó dà bíi gíláàsì. Láti ọdún 1934 ni ìròyìn wọn ti wà nínú ìwé. Wọ́n wádìí ọjọ́ orí gíláàsì náà, ó jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́ta ààbọ̀, ìyẹn 1,070,000. Wọ́n wádìí ti gíláàsì tó wà nínú òkúta ẹ̀bá Bosumtwi, iye kan náà! Èròjà tó wà nínú wọn tún bá ti àpáta Bosumtwi mu. Ilẹ̀ Gánà ló yọ́ lọ́jọ́ náà, tó ta lọ sílẹ̀ ibòmíràn, bí òjò ṣe ń ta ẹrẹ̀ sára ògiri. Ní ọdún 2004 wọ́n gbé ẹ̀rọ sórí omi, wọ́n gbẹ́ ihò wọ ìsàlẹ̀ adágún náà, wọ́n sì mú òkúta jáde láti wò. Irú ẹ̀rí tí ó yẹ kí èèyàn máa fi kọ ọ̀rọ̀ sára ògiri nìyẹn, kì í ṣe "mo kà á lórí fóònù".

Ẹ dúró o. Kòtò Àkúrẹ́ kò tó mítà 25. Kòtò tó kéré bẹ́ẹ̀ lè má ní coesite rárá, nítorí pé agbára tó ṣe é kò tó. Ti kòtò kékeré yàtọ̀. Níbi kòtò ńlá, ooru pọ̀ débi pé òkúta tó já náà fúnra rẹ̀ á yọ́, á sì di afẹ́fẹ́. Kìkì èròjà díẹ̀ bíi níkẹ́ẹ̀lì àti iridium ló máa kù nínú ilẹ̀. Níbi kòtò kékeré, ẹni tó ṣe é kì í lè sá lọ. Àfọ́kù rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀.

Ẹ gbọ́ ti Kamil ní Íjíbítì. Ní ọdún 2008, ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Vincenzo De Michele ń wo àwòrán ilẹ̀ lórí Google Earth, ó rí ohun roboto kékeré kan nínú aṣálẹ̀ ní gúúsù Íjíbítì. Ní ọdún 2010 àwọn onímọ̀ Ítálì àti ti Íjíbítì lọ síbẹ̀. Kòtò mítà 45 ni. Kí ni wọ́n rí yí i ká? Irin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àfọ́kù, gbogbo rẹ̀ ju tọ́ọ̀nù kan àbọ̀ lọ. Nǹkan bí ìdá márùn-ún irin náà ló jẹ́ níkẹ́ẹ̀lì. Irin tí alágbẹ̀dẹ yọ́ láti inú ilẹ̀ wa kì í ní níkẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀. Ti Carancas ní orílẹ̀-èdè Peru tún sún mọ́ ti Àkúrẹ́ ju ìyẹn lọ. Ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2007 ni, ọ̀sán gangan. Àwọn ará abúlé rí iná tó ń bọ̀ lójú ọ̀run, wọ́n gbọ́ ìró, ilẹ̀ sì gbẹ́ tó nǹkan bíi mítà 13, omi sun sínú rẹ̀. Wọ́n ṣa àfọ́kù òkúta níbẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò, òkúta ojú ọ̀run ni. Kòtò yẹn kò tó ti Àkúrẹ́, síbẹ̀ kò sí àríyànjiyàn.

Kì í sì í ṣe gbogbo òkúta tó já ló ń gbẹ́ kòtò. Ìtàn tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo kà nìyí, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá ọdún 2008, awò ńlá kan ní Arizona ní Amẹ́ríkà rí òkúta kan ní òfurufú tó ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ wa. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọmọ aráyé máa rí irú rẹ̀ kó tó já. Kò pé ọjọ́ kan lẹ́yìn rẹ̀ tó fi bú lókè aṣálẹ̀ Nubia ní Sudan, ní nǹkan bíi kìlómítà 37 sókè. Sátẹ́láìtì rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Òkúta náà fẹ̀ tó mítà 4, tó yàrá kan, síbẹ̀ kò gbẹ́ kòtò kankan. Inú afẹ́fẹ́ ló ti fọ́ yángá. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, Muawia Shaddad ti Yunifásítì Khartoum kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde, òun àti Peter Jenniskens tó wá láti Amẹ́ríkà. Wọ́n tò ní ìlà gbọọrọ bí àwọn tó ń ṣe ọ̀wẹ̀ lóko, wọ́n ń rìn, wọ́n ń wolẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló kọ́kọ́ rí ọ̀kan. Nígbà tó yá wọ́n ti ṣa nǹkan bí ẹgbẹ̀ta àfọ́kù, gbogbo rẹ̀ lé ní kìlógíráàmù 10. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Almahata Sitta, ìyẹn Ibùdókọ̀ Kẹfà lédè Lárúbáwá, nítorí ibùdókọ̀ rélùwéè kan tó wà níbẹ̀.

Aṣálẹ̀ ló jẹ́ kí ìyẹn ṣeé ṣe. Òkúta dúdú lórí iyanrìn funfun, ta ni kò ní rí i? Kò sí igbó, kò sí òjò tó máa dípẹtà irin rẹ̀. Bó bá jẹ́ oko wa níbí ni, èpò á ti bò ó kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, ìpẹtà á sì jẹ ìyókù.

Ìlú wa Nàìjíríà náà kò gbẹ́yìn o. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1962, ní Zagami ní ilẹ̀ Kàtsínà, àgbẹ̀ kan ń lé ẹyẹ kúrò lóko àgbàdo rẹ̀. Ó gbọ́ ìró kan tó bani lẹ́rù, afẹ́fẹ́ gbá a, òkúta kan sì wọlẹ̀ ní nǹkan bíi mítà mẹ́ta sí ibi tó dúró sí. Ó rò pé bọ́ǹbù ni, ó dúró díẹ̀ kó tó sún mọ́ ọn. Òkúta kìlógíráàmù 18 ni, inú ihò tí kò tó mítà kan. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ rí afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó há sínú irú òkúta yìí, tí wọ́n fi wé afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ Viking wọ̀n ní orí pílánẹ́ẹ̀tì Mars ní ọdún 1976. Ó bára mu. Òkúta láti Mars, lóko àgbàdo! Nígbà tí Amẹ́ríkà rán ẹ̀rọ Mars Global Surveyor lọ ní ọdún 1996, wọ́n fi àfọ́kù Zagami kékeré kan sínú rẹ̀, ó sì padà lọ sí ọ̀nà ilé. Ti Gujba, ní ibi tí à ń pè ní ìpínlẹ̀ Yobe lónìí, kò rí bẹ́ẹ̀ ṣorí ire: ní oṣù kẹrin ọdún 1984 òkúta tó lé ní kìlógíráàmù 100 já síbẹ̀, àwọn èèyàn sì fi òòlù fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́.

Ẹ wá wo eré náà. Àgbẹ̀ Zagami rò pé bọ́ǹbù ni, òkúta Mars ni. Àwa tí a gbọ́ ti Àkúrẹ́ rò pé òkúta Mars ni.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí Àkúrẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà lọ síbẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n. Èmi ò débẹ̀, nítorí náà mi ò lè máa fọ́nnu. Ṣùgbọ́n àwọn ìbéèrè tí mo kọ́ ni mo fẹ́ bi kòtò náà. Ibo ni àfọ́kù òkúta wà tí yàrá àyẹ̀wò rí níkẹ́ẹ̀lì nínú rẹ̀? Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ òkúta ojú ọ̀run lágbàáyé ní ìwé àkójọ tí wọ́n ń kọ orúkọ gbogbo èyí tí wọ́n fọwọ́ sí sí. Kí orúkọ tó wọ ibẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ òkúta náà wò, kí wọ́n sì fi gíráàmù 20 ó kéré tán, tàbí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀, pamọ́ sí ibi tí àwọn ẹlòmíràn ti lè tún un wò. Zagami wà nínú rẹ̀, Gujba wà nínú rẹ̀. Àkúrẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Irin tí wọ́n rí létí kòtò ńkọ́? Ọkọ̀ náà irin ni, kí irin wà níbẹ̀ kò yanni lẹ́nu. Ti pé iná kò jó nínú kòtò: ohun abúgbàù tí wọ́n ń lò ní ibi ìfọ́kùúta kì í jó bíi pẹtiróòlù. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń di afẹ́fẹ́ gbígbóná, ipá rẹ̀ ló ń hú ilẹ̀ dànù.

Èyí tó wá pa mí lẹ́nu mọ́ ni ibi tí kòtò náà wà. Nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Oǹdó, pẹ̀lú igbó àti oko kòkó rẹ̀, ìràwọ̀ wá yan àárín títì, ó yan ibi tí ọkọ̀ ohun abúgbàù dúró sí, ó sì yan wákàtí tí ọkọ̀ náà ń rú èéfín. Ẹ̀yin ará Maths, ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. Mo yí ọ̀rọ̀ mi ti tẹ́ẹ̀mù tó kọjá padà: ọkọ̀ ni.

Ó ku òkúta tèmi. Mo kọ́kọ́ mú òòfà láti ara sípíkà rédíò àtijọ́, mo gbé e sún mọ́ ọn, ó fà á díẹ̀. Inú mi dùn. (Mo kà á lẹ́yìn náà pé kò yẹ kí èèyàn máa fi òòfà ńlá kan irú òkúta bẹ́ẹ̀, torí ó ń pa agbára òòfà àtijọ́ inú rẹ̀ rẹ́, àwọn onímọ̀ sì ń fẹ́ ka ìyẹn.) Mo wá fi í ha ẹ̀yìn táìlì, ibi tí kò dán. Òkúta ojú ọ̀run kì í sábà fi àmì sílẹ̀. Tèmi fa ìlà dúdú. Mo wo ara rẹ̀, ó kún fún ihò wẹ́wẹ́ bíi búrẹ́dì. Òkúta ojú ọ̀run kì í sábà ní ihò. Awọ dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń bo èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já, nítorí iná ojú ọ̀nà. Mo gbé e lọ bá bàbá àgbà wa. Wọn ò tiẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Ìdàrọ́ nìyẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ́ irin láyé àtijọ́."

Ìdàrọ́! Pàǹtí tí àwọn alágbẹ̀dẹ dà nù nígbà tí wọ́n yọ́ irin tán. Mo ti ń rìn lórí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wa, mo ń wojú ọ̀run. Ó jọ ọ̀rọ̀ ẹdùn àrá. Mi ò bá oníṣàngó jà o, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wa ilẹ̀ wádìí àwọn ará àtijọ́ sọ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn òkúta dídán yẹn, àáké tí àwọn èèyàn àtijọ́ fi ọwọ́ ara wọn lọ̀ ni, kí irin tó dé. Òjò ńlá ló ń wẹ iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórí wọn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ lẹ́yìn àrá la máa ń rí wọn.

Mo ti dá ₦500 padà fún ẹni tó ni ín. Ìdàrọ́ náà wà lójú fèrèsé yàrá sáyẹ́ǹsì báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táìlì tí mo fi ha á. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, ọ̀fẹ́ ni.